Rọ́ọ̀gì Alájì àti Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé Eruku Mì

Bí mo bá di ojú mi, tí mo ní kí n rántí ìgbà èwe, eruku ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Eruku òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, èyí tó máa ń jó nínú oòrùn tó bá gba ojú fèrèsé wọlé, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀, láìkánjú, bí ẹni tí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo lè jókòó tì í títí ẹ̀kọ mi á fi tutù. Ó rẹwà lójú mi gan-an. Òun kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi.

Ikọ́ fée ni mo bá wáyé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní asíma. Bí eruku bá ti wọ imú mi, àyà mi á há, èémí mi á máa súfèé, ojú mi á pọ́n. Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi gbálẹ̀ rí nílé bàbá mi. Bí màmá mi bá fẹ́ gbálẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gbé mi jókòó sórí òkúta lẹ́yìnkùlé, wọ́n á bu omi wọ́n ilẹ̀ kí eruku má baà dìde, wọn á tó wá mú ìgbálẹ̀. Mo máa ń gbóòórùn omi yẹn lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti ibi tí mo jókòó sí. Mi ò tíì rí lọ́fínńdà tó tó o. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọmọ ọba tí ọwọ́ ẹ̀ kì í kan ìgbálẹ̀! A máa wo ẹni tó máa fẹ́ ẹ.” Èmi náà á ṣa òkò, màá sọ ọ́ lù wọ́n. Onínúfùfù ni mí láti kékeré, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Ẹni tó padà fẹ́ mi ni tíṣà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kù díẹ̀ ká wọ ọdún 1990 nígbà tí mo relé ọkọ. Ilé bàbá rẹ̀, tí kò jìnnà sí Ọjà Igbó, là ń gbé, èmi, òun àti ìyá rẹ̀. Bàbá ti kú. Ìyá ọkọ mi ń ta abọ́ tánganran lọ́jà. Obìnrin gíga ni wọ́n, wọ́n dúdú, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́, á dún bí ìgbà tí abọ́ bá já lulẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé, wọ́n wò mí látòkèdélẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ Ọ̀yọ́, káàbọ̀ o. Níhìn-ín, ọkà là ń jẹ ká tó mu ẹ̀kọ.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nílé wọn, ìyàwó ló ń gbálẹ̀, kí oòrùn tó yọ, kí àgbà tó fẹsẹ̀ tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá mo níkọ́. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde, tí mo fi gèlè dí imú, tí mo mú ìgbálẹ̀ dání bí ẹni tó fẹ́ lọ jagun, mo bá ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti tutù. Wọ́n ti bu omi wọ́n ọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lójoojúmọ́ ni. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ni, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìrun àsùbáà bá àwọn lórí ibùsùn. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n fẹ́ fi yé mi pé àwọn ti jí kí n tó jí, pé ọ̀lẹ ni ọmọ àwọn fẹ́ wálé. Inú bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú kí n lè bá wọn níbẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tútù náà ni mo tún ń bá. Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀! Ṣé obìnrin yìí kì í sùn ni?”

Àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ niṣòro. Pálọ̀ niṣòro, nítorí inú pálọ̀ ni rọ́ọ̀gì Alájì wà. Alájì ni bàbá ọkọ mi tó ti kú. Mẹ́kà ni wọ́n ti gbé rọ́ọ̀gì yẹn bọ̀, rọ́ọ̀gì pupa tó nípọn débi pé ẹsẹ̀ ń rì sínú ẹ̀. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, orí ẹ̀ ni wọ́n sì jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n dákẹ́. Eruku ẹsẹ̀ gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà nínú ẹ̀. Ojú ibi tí Alájì máa ń forí kanlẹ̀ sí ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ìyá ọkọ mi máa ń forí tiwọn kàn bí wọ́n bá ń kírun. Wọn kì í jẹ́ kí omi kan rọ́ọ̀gì yẹn rárá. Wọ́n ní á rà. Gbígbẹ báyìí là ń gbá a, bí mo bá sì ti fi ìgbálẹ̀ kàn án, gbogbo eruku tó ti ń sùn níbẹ̀ láti ayé Alájì á dìde sí mi.

Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, àìmọye ìgbà ni ọkọ mi gbé mi dìgbàdìgbà lọ sọ́sibítù. Dókítà tó ń tọ́jú mi wá bínú. Ó ní, “Ẹ yan ọ̀kan. Kí rọ́ọ̀gì yẹn kúrò nílé, tàbí kí ìyàwó yìí máa lọ lo ìgbà ọyẹ́ níbòmíì, tàbí kí ẹ wá ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń fa eruku, fákúùmù.”

Bá a ṣe délé, ọkọ mi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ìyá ọkọ mi ń to abọ́ lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Rọ́ọ̀gì Alájì ò ní í kúrò nílé yìí níṣojú mi.”

Ó tán. Ọkọ mi ń wo àjà. Èmi ń rò ó lọ́kàn pé bí rọ́ọ̀gì ò bá kúrò, ta ló kù tó máa kúrò? Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mi ò ní í fi bò. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé báyìí, tí ṣọ́ọ̀kì ti sọ ọwọ́ ẹ̀ di funfun, ara mi á yá gágá. Obìnrin tó bá sì padà sílé bàbá ẹ̀ nígbà ọyẹ́, láì tíì bímọ, ta ló máa gbà pé eruku ló lé e? Dálémosú ni wọ́n á máa pè mí káàkiri Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ kan á di méjì, ẹlòmíì á ti bá wọn gbálẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní èèwọ̀, kò ní í ṣẹ. Fákúùmù ló kù.

Ọkọ mi ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Igbó. Fákúùmù méjì péré ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, láàárín fíríìjì tí kò lẹ́nu àti fáànù tí kò lórí. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ gbé méjèèjì lọ. Ẹ dán wọn wò. Èyí tó bá wù yín, ẹ mú un, kí ẹ dá èkejì padà fún mi. Ṣùgbọ́n o, èyí tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, tiyín ni.” A gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe di adájọ́ fákúùmù nìyẹn, èmi tí mi ò rí irú ẹ̀ rí àfi nínú ìwé ìròyìn.

Èyí àkọ́kọ́ ga, ó dúró ṣánṣán, wọ́n so àpò aṣọ kan mọ́ ọn lẹ́yìn bí ọmọ. Òwúrọ̀ Sátidé ni a tàn án, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ pálọ̀. Yéè! Ariwo! Àwọn ewúrẹ́ tó sùn sí ìta fọ́n ká. Àwọn ará àdúgbò ń yọjú. Kò pẹ́, obìnrin kan láti ilé kejì gbé abọ́ ata àti tàtàṣé wọlé, ó ní òun gbọ́ pé a ti ra ẹ̀rọ ìlọta, ká jọ̀ọ́ bá òun lọ tòun kúnná dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń rín lọ́wọ́ tí mo fi rí i pé àpò aṣọ náà ti wú, eruku sì ti ń gba ara ẹ̀ jáde. Ohun tó ń fà níwájú ló ń tú sílẹ̀ lẹ́yìn. Pálọ̀ kún. Oòrùn wọ inú eruku yẹn, gbogbo ibẹ̀ di wúrà, mò ń wò ó, mò ń wò ó bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, títí mi ò fi lè mí mọ́.

Ohun tí mo rántí lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan tó ń fi òrí pa mí lẹ́yìn. Ọwọ́ líle, tó ń rìn látòkè wálẹ̀, látòkè wálẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni. Ẹnu wọn ò dákẹ́: “Ajíṣebí-Ọ̀yọ́ là ń rí! Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́? Ẹni tó ń wá ẹ̀mí fi ẹ̀rọ wá ikú.” Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò o, mo fi í pamọ́ dáadáa.

Ẹ̀rọ kejì rí roboto bí ìkòkò, ó ní táyà kéékèèké, rọ́bà gígùn kan sì jáde lára ẹ̀ bí èyí tí wọ́n fi ń fa bẹntiróòlù. Inú ikùn ẹ̀ ni àpò tiẹ̀ wà, bébà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì dé e pa. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti gbọ́n. Mo tẹ́ aṣọ funfun kan sórí rọ́ọ̀gì, mo fi ọwọ́ lù ú, mo gbé e wo, ó ti pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Mo wá tan ẹ̀rọ. Ariwo tiẹ̀ mọ níwọ̀n. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ní mọ́sáláṣí, mo gbọ́ ọ láìpa á. Mo fà á síwá, mo fà á sẹ́yìn. Mo tún tẹ́ aṣọ funfun mìíràn, mo tún lù ú. Díẹ̀ ló kù kó funfun bó ṣe wà kí n tó tẹ́ ẹ. Mo dúró, mò ń retí kí àyà mi há. Kò há. Mo mí sínú, mo mí síta. Oòrùn gba fèrèsé wọlé, kò sí nǹkan kan tó ń jó nínú ẹ̀. Mo wò ó pẹ́. Inú mi dùn, àmọ́ ó ṣe mí bí ẹni pé ará ilé wa kan ti lọ sírìn àjò, tí kò dágbére.

Ọkọ mi ní, “Èwo ni ká mú?” Mo ní, “Ṣé o tún ń béèrè ni? Ìkòkò yìí ni.”

Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Wọ́n ní, “Ẹ̀rọ tí kì í fi ojú ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ta ló máa mọ̀ pé wọ́n gbálẹ̀?” Wọ́n bá tiwọn lọ. Mo ní nínú ara mi pé, àyà mi mọ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí iná bá ti dé, màá sáré tan ìkòkò mi. Mò ń sùn wọra. Ìyá ọkọ mi á jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n á máa wo bí mo ṣe ń tì í, bí mo ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń wá ibi tí màá ti ṣìṣe. Lópin ọ̀sẹ̀, kí a tó dá ẹ̀rọ gíga padà, mo lọ kí màmá mi l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọyẹ́ bo ọ̀nà, igi ò hàn, àwọn tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kàn ń yọ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pòórá, mò ń tòògbé nínú ọkọ̀. Màmá mi gbé etí lé mi lẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n tẹ́tí pẹ́. Wọ́n ní, “Ó ti dákẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ nílé ọkọ.” Àmín tí mo ṣe, ará ilé kejì gbọ́ ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo padà dé. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbóòórùn rọ́bà tó jóná, òórùn mìíràn sì wà lábẹ́ ẹ̀, òórùn omi lórí eruku. Mo wọ pálọ̀. Rọ́ọ̀gì Alájì rin gbingbin. Wọ́n ti tú ikùn ìkòkò mi síta, àpò bébà inú ẹ̀ ti ya, ẹrẹ̀ pupa kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọkọ mi kúnlẹ̀ tì í, ó mú sukurudiráfà dání, kò wojú mi. Ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀, ẹrẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn dé ìgúnpá, abọ́ tánganran kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi ṣì kù nísàlẹ̀ ẹ̀.

Ojú mi ṣú. Mo ní, “Ẹ pa á! Ẹ ti bá mi pa á! Ẹ kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ mi nílé yín!” Ọkọ mi ní, “Jọ̀ọ́, ṣe sùúrù.” Mo ní kó gbé sùúrù ẹ̀ fún ìyá ẹ̀. Mo wọ yàrá, mo fa àpótí mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń da aṣọ sínú ẹ̀, mi ò ká a, èémí mi sì ti ń súfèé. Mò ń sunkún, mò ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Dálémosú. Ó ti dé náà nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Wọn ò tíì fọ ọwọ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń ṣe ọ́?”

“Ẹ da omi sínú ẹ̀rọ mi, Ìyá.”

“Mi ò da omi sínú ẹ̀rọ. Mo wọ́n omi sílẹ̀ ni. Níbo ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ láìwọ́n omi? Mo fẹ́ kí ibẹ̀ ti mọ́ kó o tó dé. Mo ní pẹ̀lú ariwo tí ẹ̀rọ yẹn ń pa, eruku tó máa rú á pọ̀, á sì dúró dè ọ́ nínú ilé. Mo wá bu omi sí i. Mo bù ú dáadáa.”

“Sórí rọ́ọ̀gì Alájì?”

“Sórí rọ́ọ̀gì Alájì. Àbí o rò pé mo kàn lè da omi sórí rọ́ọ̀gì Alájì lásán? Látọjọ́ tó o ti wọlé yìí, ta lo rò pé ó ń wọ́n omi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ? Mò ń gbọ́ àyà rẹ láti yàrá mi. Kí wọ́n tó pe ìrun, àyà rẹ ti jí mi. Mo máa ń ní, ẹ jẹ́ kí n tètè dìde, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà bá ilẹ̀ gbígbẹ.”

Ìró kan wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá kí n jù ú sínú àpótí tàbí kí n gbé e kọ́ padà. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń bínú sí ilẹ̀ tútù yẹn wá ń kọjá lójú mi. Mo jókòó sórí aṣọ mi, mo bú sẹ́kún, ẹkún mìíràn. Wọ́n wá jókòó tì mí. Wọ́n fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn pa mí lẹ́yìn, látòkè wálẹ̀, látòkè wálẹ̀, bùláòsì mi sì pọ́n.

Ọlọ́rọ̀ ò yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbé ẹ̀rọ gíga lọ, ó ní ìkòkò di tiwa. Kò jí mọ́. Nígbà tó yá, adìyẹ kan ń yé sínú ẹ̀. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi lọ yẹn, a ò ní fákúùmù mọ́, rọ́ọ̀gì ṣì wà, ọyẹ́ ò sì tíì lọ. Àpótí mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò tú u, mi ò sì dì í tán. Ọkọ mi dì mí mú.

Ní àárọ̀, ohùn ọkùnrin ló jí mi. Mo jáde. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta láti mọ́sáláṣí gbé nǹkan gígùn kan lé èjìká, wọ́n ká a róbótó, wọ́n fi ọ̀já dì í. Ọ̀já náà, mo mọ̀ ọ́n, ti ìyá ọkọ mi ni, èyí tí wọ́n fi pọn ọkọ mi, tí wọ́n tọ́jú de ọmọ wa. Wọ́n gbé rọ́ọ̀gì Alájì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí mọ́sáláṣí. Ìyá ọkọ mi dúró nínú pálọ̀, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò yíjú padà títí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin náà fi dákẹ́ lójú títì.

Mo ní, “Ìyá, níbo lẹ ti máa kírun báyìí?”

“Ilẹ̀ Ọlọ́run ò kéré.” Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. Níbi tí rọ́ọ̀gì wà tẹ́lẹ̀, sìmẹ́ńtì tó mọ́ ju ìyókù lọ ló kù, ó ti tutù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọ́n mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n nà án sí mi.

“Lọ tú ẹrù rẹ, kó o wá gbálẹ̀. Mo ti wọ́n omi sí i.”